Ìwé àtijọ́ àti ohun èlò ilé: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ láti mọ ayé 1500 sí 1800?

ỌmọÌtàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé láti Ọ̀yọ́ dé etí òkun láàárín 1500 sí 1800: ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń wọ̀, ohun tí wọ́n ń ná. Olùkọ́ mi ní ẹ̀rí lòun fẹ́, òun ò fẹ́ àròsọ. Àwọn ìwé ìgbà yẹn tí mo rí, Potogí, ará Họ́láńdì àti ará Sípéènì ló kọ wọ́n. Àwọn ohun èlò tí mo rí ní mùsíọ́mù, kò sí ọdún lára wọn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dì mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kó là mí lọ́yẹ.

Àlàó_Jámánì

Àbúrò, má yà wọ́n sọ́tọ̀. Jẹ́ kí n fún ọ ní àpẹẹrẹ kan tí ìwé àti ohun èlò ti jọ wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Ulm, ní gúúsù Jámánì níbí, oníṣòwò kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Christoph Weickmann. Ó kó ohun àrà jọ sínú ilé rẹ̀ láti onírúurú ilẹ̀, bí àwọn olówó Yúróòpù ìgbà náà ti máa ń ṣe. Ní 1659, ó tẹ ìwé kan jáde tó fi ka gbogbo ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pè é ní Exoticophylacium Weickmannianum. Pákó fífín kan wà nínú ìwé yẹn tó ti Àládà wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin Republic lónìí. Pákó náà ṣì wà ní mùsíọ́mù ìlú Ulm. Ọpọ́n Ifá ni. A ò mọ ọpọ́n Ifá mìíràn tó tíì pẹ́ tó o tó ṣì wà láyé.

Wo ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀. Ó ní pákó ìrúbọ ni, pé àwòrán ẹ̀mí àìmọ́ tó ń kóni nírìíra ni wọ́n fín sí i lára, pé ọba Àládà, tó wà lábẹ́ ọba Bìní, àtàwọn ìjòyè rẹ̀ ló ń lò ó. Kò dárúkọ Ifá rárá. Síbẹ̀, nítorí pé ìwé yẹn ní ọdún lára, a mọ̀ dájú pé ọpọ́n náà ti kúrò ní Àládà ṣáájú 1659. Bí ìwé bá ti sọnù ni, ẹni tó bá rí ọpọ́n náà lónìí lè sọ pé ti ayé bàbá bàbá òun ni. Bí ọpọ́n bá ti sọnù ni, ẹni tó bá ka ìwé náà á rò pé pẹpẹ kan ni wọ́n ń sọ.

Awo_Kétu

Àlàó, o ṣeun. Ìwé yẹn rí igi, kò rí iṣẹ́ tí igi ń ṣe.

Mo ti wo àwòrán ọpọ́n náà dáadáa. Ojú tó wà ní etí rẹ̀ lókè, Èṣù ni. Awo á gbé ọpọ́n kalẹ̀ kí ojú yẹn lè kọ sí òun, á da ìyẹ̀rosùn sí àárín, á gbá ikin lọ́wọ́. Bí ikin kan bá ṣẹ́ kù, á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, títí odù á fi hàn. Ohun tí Weickmann pè ní ẹ̀mí àìmọ́, òun gan-an ni a kì í fi sílẹ̀ lẹ́yìn, torí Èṣù ló ń gbé ẹbọ lọ síbi tó yẹ kó dé.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí gbà ṣiṣẹ́ ni pé kó wo ibi tí ọwọ́ ti kàn. Àárín ọpọ́n tí wọ́n fi dáfá pẹ́, á dán, á sì jinlẹ̀ díẹ̀ ju ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lọ. Ìyẹ̀rosùn á ti há sínú ojú ọnà tó wà létí. Ìdí rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ibi tó ti ń fara kan ẹní tàbí ilẹ̀ á ti họ. Bí o bá dé iwájú ohun èlò kankan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé wọ́n lò ó, àbí wọ́n gbẹ́ ẹ fún àlejò kó fi ṣe ẹ̀bùn lọ sílé?

Ohun kan sì tún kù. Ẹ má sáré pe ọpọ́n yẹn ní ti Yorùbá. Àwọn Àjá ló ni Àládà, Fá ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ṣì ń dá a dòní. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé a rí i kedere pé Ifá ti wà láàfin Àládà kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí.

Ìyá_Ìwé

Iṣẹ́ àbójútó ìwé àtijọ́ ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ìwé díẹ̀. Ọmọ mi, ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun èlò. Kó o tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, gbé ewé kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà ní Yúróòpù nígbà yẹn: aṣọ ọ̀gbọ̀ tó ti gbó, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á gún un títí á fi kúnná nínú omi, wọ́n á wá fi asẹ́ onírin gbọ́n ọn jáde. Ìlà àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú asẹ́ yẹn kì í parẹ́ lára bébà, bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ẹni tó ṣe é. Ìlà àti àmì yẹn ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń mọ ibi tí bébà ti wá àti àkókò tí wọ́n ṣe é. Àkísà yẹn ló sì mú kí ìwé 1659 lè funfun ju ìwé ìròyìn 1920 lọ. Igi ni wọ́n fi ṣe bébà ìwé ìròyìn, ó sì ń di pupa, ó ń ṣẹ́.

Ní ti Àládà, ìwé mìíràn wà tó ṣáájú ti Weickmann ní ọdún kan péré. Doctrina Christiana ni orúkọ rẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kátólíìkì ni, Madrid ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1658. Èdè Sípéènì wà níbẹ̀, èdè Àládà wà níbẹ̀. Ọba Àládà ló rán ikọ̀ kan tó ń jẹ́ Bans sí Philip Kẹrin, ọba Sípéènì, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un lọ́hùn-ún. Àwọn àlùfáà Capuchin kó ìwé yẹn dání dé Àládà ní 1660, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìwé náà, Lisa ni wọ́n pe Jésù Kristi. Lisa sì jẹ́ vodun funfun (vodun ni wọ́n ń pe òrìṣà lọ́dọ̀ wọn), ìbátan Òrìṣàńlá wa.

Ẹ gbé ìwé méjèèjì síwájú ara wọn. Nínú ti Ulm, Àládà jẹ́ ibi tí ohun àjèjì ti ń wá. Nínú ti Madrid, Àládà jẹ́ ìjọba tó mọ ohun tó ń wá, tó ń rán ikọ̀ sí ọba ẹlòmíì. Ìlú kan náà, ọdún kan ló wà láàárín wọn. Ọmọ mi, má fi ìwé kan ṣoṣo dájọ́ ìlú.

ỌmọÌjẹ̀bú

Ẹ má bínú, èmi ò gba gbogbo èyí wọlé. Olfert Dapper tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, Amsterdam ni ìwé rẹ̀ lórí Áfíríkà ti jáde ní 1668, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Àwọn tó ya àwòrán inú rẹ̀, Họ́láńdì ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ya ààfin tí wọn ò dé, wọ́n ya fìlà tí wọn ò rí. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ la fẹ́ fi mọ bí ilé wa ṣe rí? Oríkì orílẹ̀ ńkọ́? Oríkì sọ iṣẹ́ ìdílé, ó sọ èèwọ̀, ó sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀ṣọ́, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni kó wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àlàó_Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ lẹ sọ nípa Dapper, mo sì fẹ́ kí àbúrò wa kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwòrán inú ìwé yẹn ò lè jẹ́rìí ohunkóhun lórí aṣọ tàbí ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹnu àwọn oníṣòwò ló ti gbà á. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn ará Àládà kì í sábà sọ èdè ara wọn, pé èdè Ulkami ni wọ́n ń sọ. Orúkọ kan náà ni Lucumí tí àwọn èèyàn wa ń jẹ́ ní Kúbà títí dòní, tí àlùfáà Alonso de Sandoval ti kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní Seville ní 1627. Èrè wo ni ẹni tó wà ní Amsterdam fẹ́ rí nínú kó purọ́ lórí èdè tí wọ́n ń sọ ní Àládà? Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí kò gbé ẹni tó kọ ọ́ ga, tí kò bu ẹnikẹ́ni kù, ni mo máa ń gbára lé jù.

Ti Ìjẹ̀bú gan-an wà nílẹ̀. Duarte Pacheco Pereira wọkọ̀ wá sí etíkun wa fúnra rẹ̀, ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1505 sí 1508. Ó kọ orúkọ Ìjẹ̀bú síbẹ̀, ó ní ìlú ńlá ni, yàrà ńlá ló yí i ká. Ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún wa bóyá irọ́ ló pa.

ỌmọÌjẹ̀bú

Kò purọ́. Erédò ṣì wà, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí. Yàrà tí ògiri rẹ̀ ga ju ilé alájà lọ láwọn ibì kan, tí igbó ti bò.

Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà dópin. Ọkùnrin kan náà kọ ọ́ pé ẹrú ni wọ́n ń rà níbẹ̀ pẹ̀lú eyín erin, pé ẹ̀gbà idẹ méjìlá sí márùndínlógún ni wọ́n ń fi ra èèyàn kan. Ẹ̀gbà yẹn, mànílà, wà nínú àpótí gíláàsì ní mùsíọ́mù káàkiri, wọ́n kọ "owó àtijọ́" sí i lábẹ́. Àbúrò, bó o bá máa kọ nípa rẹ̀, kọ iye tó jẹ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi rà. Má fi sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ ọwọ́ lásán ni. Ìyẹn ni mo bẹ̀ ọ́.

ỌmọAsúdẹ

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú pátápátá. Kí n fi ti idẹ kún un, torí iṣẹ́ ilé wa ni.

Ní 1548, ilé iṣẹ́ Fugger ti Augsburg ní Jámánì bá ọba Potogí ṣe àdéhùn pé àwọn á máa kó ẹ̀gbà idẹ, ìkòkò, àwo àti agbada idẹ fún un láti fi tajà ní etíkun wa. Ọkọ̀ Potogí kan, Bom Jesus, ti rì ní 1533 nígbà tó ń lọ sí Íńdíà; ọdún 2008 ni wọ́n tó rí i ní etíkun Nàmíbíà, bàbà tó kún inú rẹ̀ ní àmì Fugger lára, eyín erin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2020, àwọn onímọ̀ yẹ eyín náà wò, wọ́n rí i pé ti erin inú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Ní 2023, àwọn onímọ̀ Jámánì yẹ òjé tó wà nínú idẹ mànílà wò, láti ara àwọn tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ tó rì. Wọ́n rí i pé agbègbè odò Rhine ni irin rẹ̀ ti wá, ó sì bá idẹ tí àwọn asúdẹ Bìní fi ṣe àwọn iṣẹ́ ọnà wọn mu.

Ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ idẹ á sọ fún yín ni pé ẹ̀gbà tó bá wọ ilé ìsun, kò ní jáde bí ẹ̀gbà mọ́. Yíyọ́ là ń yọ́ ọ. Àwọn tó kù nínú àpótí gíláàsì, àwọn tí kò dé ọwọ́ asúdẹ nìyẹn. Nítorí náà, iye tí o bá rí lónìí kò sọ iye tó wọlé nígbà yẹn. Ìwé àdéhùn ló lè sọ ìyẹn.

Àṣàbí_Aláṣọ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ ti gbàgbé aṣọ! Weickmann yẹn náà kó ẹ̀wù méjì láti Àládà, wọ́n ṣì wà ní Ulm. Wọ́n wà lára ẹ̀wù Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà nílẹ̀. Aṣọ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ikán, òjò, oòrùn, òun náà tún ni à ń fi pọnmọ nígbà tó bá gbó. Bí wọn ò bá gbé e lọ síbi tó tutù ni, kò ní sí mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn le láti sọ.

Ọmọ mi, báyìí ni kó o ṣe wo aṣọ. Má wo àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́. Wo etí. Òfì àwọn ọkùnrin, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọwọ́ kan ló máa ń bò ó. Wọ́n á wá rán ìlà pọ̀ mọ́ ìlà. Kíjìpá àwọn obìnrin, orí òfì ìnàró ni wọ́n ti ń hun ún, ó fẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ka ojú ìrán tó wà láàárín ejìká kan sí èkejì, o ti mọ irú òfì tí wọ́n lò. Lẹ́yìn náà, wo òwú. Òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran lórí ìràn máa ń ki níbì kan, á tín-ínrín níbòmíràn; fi àtàǹpàkò rìn ín lọ, wàá mọ̀ ọ́n. Òwú ẹ̀rọ kò ní ìyẹn. Bí aró bá wà níbẹ̀, wo inú ibi tí ìlà méjì ti pàdé: bí ó bá funfun ní abẹ́ ìrán, lẹ́yìn rírán ni wọ́n pa á láró. Bí ó bá dúdú jálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí wọ́n tó rán an ni wọ́n ti pa á láró.

Àwọn ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti ti Họ́láńdì náà wúlò níbí, torí wọ́n ra aṣọ Ìjẹ̀bú àti ti Àládà láti lọ tà ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ẹni tó ń ra aṣọ kó lè jèrè mọ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, aṣọ yín ni wọ́n ń wá kiri nígbà yẹn o.

Awalẹ̀pìtàn_Àkàndé

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ àpáàdì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀.

Weickmann kò kó ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí Ulm. Kò sí oníṣòwò tó kọ orúkọ amọ̀kòkò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó fọ́ kì í jẹrà. Mú àpáàdì kan láti Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ Ilé, fọ̀ ọ́, yí i síbi tí oòrùn ti ń fẹ̀gbẹ́ tàn. O lè rí àwọn ihò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, bí ojú àgbàdo tí wọ́n ti ré kúrò. Ṣùkù àgbàdo ni amọ̀kòkò yí lára amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kó lè hunjọ, kí ìkòkò má bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa kí Columbus tó lọ síbẹ̀ ní 1492. Nítorí náà àpáàdì tó ní ojú ṣùkù lára, ó ti fi ọdún hàn ọ́ láìsí ìwé kankan. Ṣọ́ra o: ewéko kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, Blepharis, orí rẹ̀ máa ń fi irú ihò yẹn sílẹ̀ lára amọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń ṣì í mú fún àgbàdo. Fi amọ̀ tútù yí méjèèjì fúnra rẹ kó o fi wé e kó o tó kọ ohunkóhun.

Wo Ẹdẹ-Ilé, lẹ́bàá Ẹdẹ. Samuel Johnson kọ sínú ìtàn rẹ̀ pé Aláàfin Kọ́rí ló fi Tìmì síbẹ̀ kó lè dá àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà dúró. Ìtàn ẹnu nìyẹn. Akin Ogundiran wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó rí ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́, egungun ẹṣin, owó ẹyọ àti kòkò tábà. Egungun ẹṣin bá ọ̀rọ̀ ológun mu. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńkọ́? Ọwọ́ obìnrin ló ń mọ ìkòkò lọ́dọ̀ wa. Bí ìkòkò ibẹ̀ bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́, kì í ṣe jagunjagun nìkan ló ṣí wá; àwọn ìyá náà wá, wọ́n ń mọ̀kòkò bí wọ́n ti ń mọ ọ́n nílé. Ìtàn ẹnu kò dárúkọ wọn. Oríkì Tìmì kò dárúkọ wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú fi kún ọ̀rọ̀ oríkì.

ỌmọÌjẹ̀bú

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí dáadáa.

Bọ́lá_London

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ kòkò tábà: ní etí odò Thames níbí, bí omi bá fà, èèyàn á rí ọ̀pá kòkò funfun tó ti ṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ rẹpẹtẹ. Ihò tó wà nínú ọ̀pá yẹn ni ẹ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ó fẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń gùn sí i, ihò ń kéré sí i. J. C. Harrington, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1954: ẹnu ẹ̀rọ ìlugi ni wọ́n máa ń ki bọ̀ ọ́ láti fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ ọdún, ó dìgbà tí ó bá pọ̀ níbì kan náà. Àwọn kòkò òyìnbó bẹ́ẹ̀ dé etíkun wa pẹ̀lú, a sì mọ tiwa láti ara amọ̀ pupa, tí ìdí rẹ̀ kúrú tí a ó fi igi bọ̀ ọ́. Tábà tí wọ́n ń fà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti Bahia ní Brazil ni, wọ́n fi oje ìrèké tí wọ́n sè kó ki pa á, wọ́n ká a bí okùn. Òun náà ni wọ́n fi ra àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia.

Ẹ má ṣe lọ ṣa nǹkan létí odò yẹn láìgba ìwé àṣẹ o. Àṣẹ wà, ohun tó bá sì ti ju 300 ọdún lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n.

ỌmọÌtàn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ìkòkò ni mo máa fi ṣe ìpìlẹ̀, láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Ẹdẹ-Ilé, n óò wá gbé ìwé Dapper àti ti Pacheco sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti wo ohun tí wọn ò rí. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, oko bàbá ìyá mi wà nítòsí ahoro kan, àpáàdì kún ibẹ̀. Ṣé mo lè lọ wa díẹ̀?

Awalẹ̀pìtàn_Àkàndé

Má wa ohunkóhun. Òfin wà lórí rẹ̀, àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń fúnni láṣẹ. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé àpáàdì tí wọ́n bá ti yọ láìkọ ìpele ilẹ̀ tó wà sílẹ̀, kò lè sọ ohun tó ṣáájú òun àti ohun tó tẹ̀ lé òun mọ́. Lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bàbá ìyá rẹ, bi í ní orúkọ ahoro náà àti ìdílé tó ti ibẹ̀ ṣí. Ya fọ́tò àwọn tó wà lójú ilẹ̀ níbi tí wọ́n wà gan-an, fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jẹ́ kí fóònù rẹ gba ibi tí o dúró sí sílẹ̀, kó o wá kó gbogbo rẹ̀ tọ olùkọ́ rẹ lọ. Bí ojú ṣùkù bá wà lára ọ̀kankan, fi fọ́tò rẹ̀ síbí kí a jọ wò ó.